Ọjọ́ Tí Alága Sọ Ẹ̀rọ Lórúkọ ní Fìdítì

Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n sì kọ́kọ́ bínú díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ́ pé àga ni wọ́n fi ń ga, ó máa ń ká mi lára. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó yáa lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìtàn yìí gùn díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni jóná sí mi lọ́rùn.

Ọkùnrin kan wà ní Fìdítì tó ń jẹ́ Stephen Àlàní. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Ẹwà àti Ìmọ́tótó Ìlú. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò ju kí wọ́n gé ọgbà lápálápá tó yí ọ́fíìsì wọn ká, kí wọ́n sì gbá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí Alága nígbà tó bá ń bọ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń ti oòrùn jáde. Agbádá rẹ̀ á ti wọlé tipẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Tó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ dákẹ́, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kí gbogbo èèyàn lè múra sílẹ̀. Tó bá wá sín tán, gbogbo ọ́fíìsì á dìde, wọn á ní, "Ẹ kú ewu, sà," bí ẹni pé ó bí ìbejì.

Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ dìde ni Àbọ̀dé.

Aránṣọ ni Àbọ̀dé ní Ìlọrà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń tẹ̀lé Alága kiri, torí Alága ti ṣèlérí pé òun á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Ìlérí náà ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Àbọ̀dé ń ṣe láàárín ìgbà náà ni kó máa sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Tí Alága bá ní òjò ń rọ̀, nígbà tí oòrùn ń sun wọ́n lórí, Àbọ̀dé á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tiẹ̀ ti rin mí dé inú."

Ìyàwó rẹ̀, Rahmatullah, kò fẹ́ràn ìwà yìí rárá.

"Bàbá Ahmad," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aṣọ rán báyìí, ṣé ẹnu lẹ fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń wá. Owó oṣù kì í bá òjò rìn, kì í bá ẹ̀ẹ̀rùn rìn."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ yín ni oko yín o. Ẹ má fi oko tọrẹ."

Àbọ̀dé ti wọ bàtà, ó ń jáde lọ. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní òṣìṣẹ́, kí ọmọ òun lè sọ ní ilé ẹ̀kọ́ pé bàbá òun ní ọ́fíìsì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi fi ẹ̀rọ ìgéwé kan ta ìgbìmọ̀ lọ́rẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ọgbà ni. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróòlù, ó sì ní abẹ gígùn kan tó ní eyín lọ́tùn-ún lósì bí ẹnu ọ̀nì. Máyọ̀wá ló gbé e wá. Obìnrin yìí ń ta ẹ̀rọ, ó sì ń tún un ṣe, ní Ọ̀yọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tó ń tà lọ.

"Ẹ gbọ́ mi, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì," Máyọ̀wá ní. "Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abẹ yìí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó tutù. Tí ẹ bá gé lápálápá tán, oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì nù ún, kẹ́ ẹ wá fi ọ́ìlì díẹ̀ pa eyín rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ka ìka rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀."

Alága ká apá agbádá ọ̀tún lé èjìká, ó ká ti òsì, ó tún ká ti ọ̀tún tó ti já bọ́.

"Arábìnrin," ó ní, "ìlànà tí ẹ là sílẹ̀ yìí ti wọ̀ mí létí, ó ti wọ̀ mí lọ́kàn, ó ti ń kọjá lọ sí ẹ̀dọ̀. Kò ní jẹ́ ìlànà lásán lọ́dọ̀ wa. A ó sọ ọ́ di orin."

Wọ́n sì sọ ọ́ di orin lóòótọ́. Ṣàràfá, akéde ìgbìmọ̀, ẹni tí kì í gbé ẹ̀rọ agbohùnsókè sílẹ̀ àfi tó bá ń jẹun, ló ń lé e. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló ń gbè é. Láràárọ̀, gbogbo wọn á tò, wọn á kọ ọ́ báyìí:

Pa ẹ́ńjìnnì kóo tó fọwọ́ kàn án,
Yọ wáyà rẹ̀ kóo tó fọwọ́ kàn án,
Nu oje nù, fi ọ́ìlì pa á,
Ìka tó bá já kì í hù mọ́ o.

Ó dùn púpọ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọn á pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọn á jókòó. Kẹrosíìnì kò sí, búrọ́ọ̀ṣì kò sí, ọ́ìlì kò sí. Ẹ má bá mi rẹ́rìn-ín wọn jù, torí mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi orin gbálẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilé yín.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé Kọmíṣọ́nà ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wo bí àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afíjió ṣe ń tọ́jú àyíká wọn. Orí Alága wú. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ẹ̀rọ yìí ti wọ ilé wa. Ó ti sùn, ó ti jí, kò sì lórúkọ. Báwo la ṣe fẹ́ fi í han Kọmíṣọ́nà? Ṣé ká ní, Mà, ẹ wo nǹkan? Ọ̀la ló pé ọjọ́ kẹjọ tó ti dé. A ó kó o jáde, a ó sọ ọ́ lórúkọ."

Nínú ikùn, Àbọ̀dé mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dúró de ikùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. "Ó tiẹ̀ jọ yín níwájú orí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Alága débi pé ó ní kí Àbọ̀dé rán ẹ̀wù àrán fún ọmọ náà. Àbọ̀dé rán an. Ó fi apá sí i méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kò lápá, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ò parí iṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alága gbé ẹ̀rọ sórí itan. Wọ́n gbé oyin, iyọ̀, omi àti obì sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ Yorùbá. Àbọ̀dé ló di ìgò oyin mú.

"Oyin rèé," Alága ní. "A kì í lá oyin ká bojú jẹ́. Ayé rẹ á dùn." Ó da oyin sí abẹ láti ìdí dé ṣóńṣó. Èyí tó ṣẹ́ kù ṣàn wọ ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, Àbọ̀dé rí i, ó sì wo ibòmíràn.

"Iyọ̀ rèé. Ayé ò ní fi ọ́ ṣe àtẹ́." Ó bu iyọ̀, ó wọ́n ọn.

"Omi rèé. Omi kì í lọ́tàá." Ó da omi lé iyọ̀ lórí. Irin lọ́tàá ní tirẹ̀, omi iyọ̀ sì ni olórí wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ níbi ìkómọ?

Nígbà tó kan obì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnu ọmọ náà kiri. Kò rí i. Ó wá ní eyín ló fi ń jẹun, ó sì ki awẹ́ obì bọ àárín eyín abẹ, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi há gádígádí.

"Orúkọ rẹ ni Ajíṣafẹ́," ó ní. "Ajíṣafẹ́ Stephen Kejì. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí Kọmíṣọ́nà yóò fi dé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó máa lọ sílé rẹ̀."

Ṣàràfá gbé agbohùnsókè, ó ki ẹ̀rọ náà títí itọ́ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́wù àrán, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn àga Alága.

Nígbà tó ṣe, Máyọ̀wá yà wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ ti ń nu abẹ ẹ̀rọ yẹn."

"A ti sọ ọ́ lórúkọ," Alága dáhùn.

Máyọ̀wá wò ó. Ó wo Àbọ̀dé. Àbọ̀dé wo àjà ilé bí ẹni pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

"Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ," Máyọ̀wá ní, ó pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Àbọ̀dé rí tanpẹ́pẹ́, èèrà dúdú tó ń geni jẹ yẹn. Wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga Alága, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kò sì jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, tanpẹ́pẹ́ ń tò wọ ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ."

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. "Wọ́n gbọ́ pé a bímọ ni. Wọ́n ń wá kí i."

Àbọ̀dé náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n níwà."

Ọjọ́ Kọmíṣọ́nà pé. Wọ́n ta ìbòrí sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn síwájú àga àlejò. Wọ́n ta aṣọ gígùn kan bo orí ọgbà, àwòrán ojú Alága ló wà lára rẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan tó fèrèsé. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Kọmíṣọ́nà. Ó wọ awò ojú, ó jókòó, ó ń gbọ́.

"Ní kúkúrú," Alága ní, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó sọ̀rọ̀ títí dẹ́rẹ́bà Kọmíṣọ́nà fi sùn, tó jí, tó mu ọsàn, tó tún padà sùn. Lẹ́yìn náà ló pe Àbọ̀dé síwájú.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí. Bí Ajíṣafẹ́ bá ti gé ewé àkọ́kọ́ báyìí, lójú Kọmíṣọ́nà, ni n ó kéde rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ títí ayé."

Àbọ̀dé tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó wẹ̀yìn, ó rí Rahmatullah láàárín àwọn obìnrin akọrin, ó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ku díẹ̀ báyìí kí iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù àrán. Ṣàràfá fa okùn ẹ̀rọ, ó tún un fà, ó ké "Jésù" ó fà á, ó ké "Bìsìmílà" ó fà á. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tú èéfín, ó wá bú ramúramù débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò lè gbọ́ ohùn rẹ. Alága gbé e, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Abẹ kò mira. Oyin ti gan mọ́ ọn bí àtè, ìpẹtà ti mú un, obì sì há sí àárín eyín rẹ̀.

"Àbọ̀dé," Alága kígbe sí i létí, "kiwọ́ bọ̀ ọ́, kóo yọ ìdọ̀tí yẹn."

"Ẹ jẹ́ ká pa ẹ́ńjìnnì ná, sà," Àbọ̀dé náà kígbe sí i létí.

"Ká pa á lójú Kọmíṣọ́nà? Kó lè rò pé ara ọmọ mi ò yá? Kiwọ́ bọ̀ ọ́."

Àwọn obìnrin rò pé ó ti tó àkókò orin. Àbọ̀dé rí ẹnu wọn tó ń lọ sókè sódò, ó sì mọ ibi tí wọ́n dé: ìka tó bá já kì í hù mọ́ o. Ó na ọwọ́ sí abẹ. Ó rí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó rí ìka tó máa ń fi òrùka ìránṣọ sí láti ti abẹ́rẹ́. Ó ro owó oṣù, ó dùn. Ó ro bí èèyàn ṣe ń fi ìka mẹ́ta ka owó oṣù, kò dùn mọ́.

"Rárá, sà."

Òun fúnra rẹ̀ wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó sọ ọ́.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà. Mi ò kiwọ́ bọ̀ ọ́."

"Mo lé ọ níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo, sà?" Àbọ̀dé béèrè, kì í sì ṣe àfojúdi, ó fẹ́ mọ̀ ni.

Alága ṣẹ́jú sí Ṣàràfá. Ṣàràfá di ikùn mú, ó ṣe bí ẹni tí àmàlà àná ń bá jà. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run. Nígbà tí Alága rí i pé kò ku ìka kankan tó lè yá lò, ó di ẹ̀rọ mú pinpin, ó mì í bí ẹni ń gbo ìgò oògùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ dópin.

Obì fọ́, ó fò lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ òyìnbó. Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Àwọn tanpẹ́pẹ́ tó ti fi inú ẹ̀rọ ṣe ilé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn, nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ó sì ń gbóná, wọ́n jáde. Ibi tó ṣí sílẹ̀ jù fún wọn ni apá agbádá Alága.

Alága gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé tòsì. Ó fò sókè, ó yí po, ó fi ìgbọ̀nwọ́ họ ìhà. Ṣàràfá rí i, inú rẹ̀ dùn, ó gbé agbohùnsókè ó sì ń fọwọ́ pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá Alága jó. Gbogbo ìgbìmọ̀ dìde. Alága gbé ẹsẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀. Alága họ ìhà, wọ́n họ ìhà. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, owó náà sì dúró, torí òógùn.

Bí tanpẹ́pẹ́ ṣe ń jẹ Alága tó ni ìka rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ tó. Abẹ gé lápálápá, ó gé okùn ìbòrí, ó gé aṣọ àwòrán, ó pín ojú Alága sí méjì láti imú. Alága fẹ́ pa ẹ̀rọ, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Láti ọjọ́ tó ti jẹ alága, ẹlòmíràn ló ń bá a tan nǹkan, ẹlòmíràn ló ń bá a pa á. Síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Kọmíṣọ́nà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́, ó tú gbogbo inú rẹ̀ jáde. Ètè rẹ̀ ń lọ láìdúró.

Ó yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, abẹ sì kọjú sí àwọn obìnrin tó ń jó, níbi tí Rahmatullah dúró sí. Wọn kò sá, wọ́n rò pé ara ijó ni. Àbọ̀dé kò rántí òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Ajíṣafẹ́. Ó gba ẹ̀yìn Alága, ó jìnnà sí abẹ, ó na àtàǹpàkò, ó tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lápá òsì. Ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì.

Ẹnu Alága kò tíì gbọ́ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́.

"...àpò gàrí lásán! Obìnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín lápálápá àti ẹ̀fọ́, òun ni wọ́n fi ṣe Kọmíṣọ́nà. Èmi ló yẹ kí n wà lórí àga yẹn. Àwọn ará ìlú yìí sì rèé, ewúrẹ́ ni gbogbo wọn. Ní kí wọ́n jókòó, wọn á jókòó. Ní kí wọ́n jó, wọn á..."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Gbogbo èèyàn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, bí Alága ṣe wà. Ṣàràfá nìkan ni àṣà kò jẹ́ kó ronú. Ó fi ẹnu sí agbohùnsókè, ó ní, "Òótọ́ pọ́ńbélé ni Alága wa sọ yẹn," ó sì pàtẹ́wọ́ títí ó fi rí i pé òun nìkan ló ń pa á.

"Àdúrà ni mò ń gbà, Mà," Alága ní.

Kọmíṣọ́nà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. "Àmín," ó ní. Ó dìde, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Àdúrà náà gbà kíákíá. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn ti wà lórí àga Alága. Máyọ̀wá padà wá, ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi kẹrosíìnì họ oyin àti ìpẹtà kúrò, ó fi ọ́ìlì pa eyín abẹ náà, ó sì ń bú gbogbo wọn bó ṣe ń ṣe é láti orí Ṣàràfá dé orí ẹni tó bí i. Ẹ̀rọ ń gé ọgbà dáadáa títí di òní, kò sì jẹ́ orúkọ kankan.

Ẹ má rò pé wọ́n fi Àbọ̀dé joyè o. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ fi omi lọ̀ ọ́. Ó padà sí Ìlọrà, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ń ránṣọ.

Ibẹ̀ ni Alága bá a ní ọjọ́ kan. Ọ̀kadà ló gbé e wá, òun nìkan, ó ká agbádá tó ya lápá sí abíyá. Ó dúró ti àga, ó ń retí ẹni tí yóò nù ún. Nígbà tó pẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún, ó jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Àbọ̀dé ní. Ó gba agbádá, ó tẹ́ ibi tó ya sábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Àbọ̀dé."

"Sà."

"Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi ní Fìdítì? Má fi pamọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń jó ijó mi lójú ọ̀nà." Ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Wọ́n ṣì ń jó o, àbí?"

Àbọ̀dé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, ó ṣe é gan-an. Lóòótọ́ làwọn ọmọdé jó o ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ì bá tu Alága nínú, Àbọ̀dé sì ti sọ ọ́ rí lọ́pọ̀ ìgbà débi pé kò ní ná an ní nǹkankan láti tún un sọ.

"Rárá, sà," ó ní. "Wọn ò jó o mọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ yín mọ́."

"Ṣàràfá ńkọ́?"

"Ṣàràfá ń ki alága tuntun, sà."

Alága yí àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo òde, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí kò sí ẹni tó yà wá kí i. Àbọ̀dé ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó rọra ń rán apá agbádá náà.